Jẹ́ Kí Wọ́n Fọwọ́ Ara Wọn Gé E

Ìbàdàn

Bísí ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní wọ́n ti gbé bàọ́lọ́jì SS2 lé ọ lọ́wọ́, pé o fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní báyótẹkinọ́lọ́jì àti bí ẹ́ńsáìmù ṣe ń gé DNA, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ yín kò ní yàrá àyẹ̀wò gidi kan. Ìyẹn kò tó nǹkan tí yóò dá ọ dúró. Pépà tó dúró fún DNA àti àlùmọ́gàjí tó dúró fún ẹ́ńsáìmù ti tó.

Má fi orúkọ gígùn bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá ti há orúkọ sórí kó tó rí nǹkan tó ń jẹ́ orúkọ náà, àtilóye rẹ̀ di wàhálà. Gé pépà tẹ́ẹ́rẹ́ fún wọn ní méjì-méjì. Kí wọ́n kọ A, T, G àti C sí ìlà méjì tó kọjú síra: ibi tí A bá wà lókè, T ni kó wà nísàlẹ̀, ibi tí G bá wà, C ni. Rí i pé GAATTC wà níbì kan nínú ìlà òkè, ṣùgbọ́n má sọ ibi tó wà. Kí wọ́n wá a. Bí wọ́n bá rí i, ní kí wọ́n ka ìlà ìsàlẹ̀ níbẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì. GAATTC kan náà ni yóò jáde. Wo ojú wọn nígbà yẹn!

Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n tó mú àlùmọ́gàjí. Kí wọ́n gé ìlà òkè láàárín G àti A, kí wọ́n sì gé ti ìsàlẹ̀ láàárín G àti A tirẹ̀, láti ìhà kejì. Kò ní gé ṣánṣán. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò ní lẹ́tà mẹ́rin tó yọ síta láìní ẹnìkejì. Wá fún wọn ní pépà aláwọ̀ mìíràn tí àwọn ẹlòmíràn gé bákan náà, kí wọ́n fi ẹnu rẹ̀ ko ti tiwọn. Yóò wọra wẹ́kú. Ọmọ tó bá ti rí èyí ti mọ bí wọ́n ṣe ń mú jíìnì láti ara ẹ̀dá kan sínú òmíràn. Ó ku ẹ́ńsáìmù kejì, ligase, tó ń so ojú gígé náà pọ̀.

Nígbà náà ni kí o wá sọ pé ẹ́ńsáìmù tó ń gé níbẹ̀ ń jẹ́ EcoRI, àti pé ara bakitéríà E. coli ni wọ́n ti rí i. Wọn yóò béèrè ohun tí bakitéríà ń fi ṣe. Má fo ìbéèrè yẹn, torí òun ló dùn jù. Fáírọ́ọ̀sì máa ń kọlu bakitéríà pẹ̀lú, a máa ti DNA tirẹ̀ wọnú rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù yìí ni onílé fi ń gé ti àlejò wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Kí ló dé tí kì í gé ti onílé? Bakitéríà ti fi àmì kẹ́míkà kékeré kan sí ojú ibẹ̀ lára DNA tirẹ̀, bí ilà ojú tí a fi ń dá ọmọ ìdílé mọ̀.

Ìtàn bí wọ́n ṣe rí irú ẹ́ńsáìmù yìí kò gba àkókò. Werner Arber ló tọpa ọ̀rọ̀ náà ní Geneva láàárín àwọn ọdún 1960. Ní 1970, Hamilton Smith rí èyí tó ń gé ojú kan pàtó ní Baltimore. Daniel Nathans fi gé DNA fáírọ́ọ̀sì kan. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1978. Nígbà tó fi di 1982, Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí ínsúlíìnì tí bakitéríà tí wọ́n fi jíìnì sínú rẹ̀ báyìí ń ṣe fún àwọn alátọ̀gbẹ.

Ibi tí mo fẹ́ kí o pẹ́ sí ni fòníkú-fọ̀ladìde, torí kò sí ọmọ kíláàsì rẹ tí kò gbọ́ AS àti SS rí. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló fa àìsàn náà: GAG di GTG nínú jíìnì hẹmoglóbíìnì. Ẹ́ńsáìmù kan wà, MstII, tó máa ń gé CCTGAGG; lẹ́tà wọ̀nyí sì wà nínú jíìnì tó dá pé. Bí A bá ti di T, kò rí ojú gé mọ́. Ní 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi èyí yẹ DNA ọmọ inú oyún wò. Wọ́n á da DNA tí wọ́n gé sínú jẹ́ẹ̀lì, wọ́n á jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú rẹ̀ kọjá. DNA a máa sáré lọ sí ìhà pọ́sítíìfù, ègé kúkúrú a sì máa sáré ju èyí tó gùn lọ. Àwọn ègé kúkúrú ni AA máa ń fi hàn, SS á fi ègé gígùn hàn, AS á fi gígùn àti kúkúrú hàn pọ̀. Sọ fún wọn pé genotype tí wọ́n sábà máa ń ṣe ní ọsibítù wa kì í ṣe èyí. Hẹmoglóbíìnì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀.

Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe béèrè nínú kíláàsì pé ta ni SS, má sì jẹ́ kí ọmọ kankan na ìka sí ẹnìkejì rẹ̀. Fún pépà ní orúkọ, má fún ọmọ.

Nígbà tí o bá ṣe é tán, kọ̀wé sí mi, kí o sì kọ gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi ọ́ tí o kò rí dáhùn síbẹ̀. Bá mi kí ọkọ rẹ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ,
Bàbá Ìbàdàn