Koríko Lórí Òkè Olókùúta

Ìbéèrè: Ọmọ mi tó wà ní Nevada, ní Amẹ́ríkà, fi àwòrán òkè kan ránṣẹ́ sí mi. Òkúta ló kún ibẹ̀, síbẹ̀ màlúù ń jẹko. Ilẹ̀ wo ni koríko yẹn ń hù lórí rẹ̀?

Ìdáhùn: Ilẹ̀ wà níbẹ̀, mà, àárín òkúta ló sá pamọ́ sí. Lórí irú òkè bẹ́ẹ̀, òkúta lè kó ju ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ lọ, ìyẹn ni omi tí ilẹ̀ ń gbà dúró ò fi pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bú òkúta. Òun ló ń gba ẹ̀ṣẹ́ òjò kí ó má baà wọ́ erùpẹ̀ lọ, ó sì ń ṣíji bo ilẹ̀ kí oòrùn má tètè fa omi rẹ̀ gbẹ. Ìwọ̀nba omi tó bá sì ṣàn kúrò lára rẹ̀, inú erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń rì sí, níbi tí gbòǹgbò wà.

Erùpẹ̀ ń yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ti òkè fẹ́lẹ́, ti ìsàlẹ̀ jinlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí àríwá kì í gba oòrùn púpọ̀, yìnyín ń pẹ́ níbẹ̀ kó tó yọ́, koríko rẹ̀ sì máa ń dára ju ti gúúsù lọ.

Ti màlúù ńkọ́? Ọ̀lẹ ni wọ́n lórí òkè, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Ibi tó bá ga ní mítà 60 láàárín mítà 100, wọn ò fẹ́ dé ibẹ̀. Etí odò nísàlẹ̀ ni wọ́n ń rọ́ sí, tí wọ́n á jẹ ẹ́ títí yóò fi pá.