Ta ló ń darí àwọn rọ́bọ́ọ̀tì tó ń kó ẹrù?

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí iṣẹ́ kan tí kò ṣàjèjì sí àwọn ará wa ní Lawrenceville: iṣẹ́ wẹ́ẹ̀họ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń kọ́ Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sókè.

Lawrenceville ni olú ìlú Gwinnett County, ní àríwá ìlà-oòrùn Atlanta. Ní Gwinnett yìí kan náà, lápá Stone Mountain, Amazon ní wẹ́ẹ̀họ́ọ̀sì ńlá kan tí rọ́bọ́ọ̀tì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Nírú ibi bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ kì í rìn lọ bá ọjà lórí pẹpẹ mọ́. Pẹpẹ ló ń wá bá a. Rọ́bọ́ọ̀tì pẹlẹbẹ kan á wọ abẹ́ pẹpẹ, á gbé e sókè, á gbé e dé iwájú ẹni tó dúró sójú kan. Kiva Systems ló gbé irú iṣẹ́ yìí jáde, Amazon sì ra ilé-iṣẹ́ náà ní 2012 ní mílíọ̀nù 775 dọ́là. Ní 2025, Amazon kéde pé rọ́bọ́ọ̀tì òun ti pé mílíọ̀nù kan.

Àmọ́ ọkọ̀ tí kò ní dírẹ́bà kì í ṣe nǹkan àná. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni Barrett Electronics, ní Illinois, ti ṣe ọkọ̀ akẹ́rù tó ń tẹ̀lé wáyà. AGV ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ títí dòní. Ojú ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀: wáyà abẹ́ ilẹ̀, tàbí téèpù onímágínẹ́ẹ̀tì. Bí páálí bá já bọ́ sójú ọ̀nà rẹ̀, á dúró gbọin títí ẹnìkan á fi gbé e kúrò. Èyí tó dé lẹ́yìn, AMR, ní máàpù ilé náà nínú, ó ń fi iná lésà wo àyíká, ó sì lè yí páálí náà ká kọjá. Ẹ má rò pé AGV ti di ti àtijọ́ o. Nílé-iṣẹ́ Hyundai tuntun ní Ellabell, lẹ́bàá Savannah níbí ní Georgia, àwọn AGV ló ń gbé ẹ̀yà ara mọ́tò kiri.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ọkọ̀ kan ṣoṣo kò ṣòro. Tó bá di igba ńkọ́? Yorùbá ń pe ọkọ̀ púpọ̀ tó ń rìn pọ̀ ní ọ̀wọ́. Ẹ ti gbọ́ “ọ̀wọ́ ọkọ̀ gómìnà” rí. Olùdarí ọ̀wọ́ ọkọ̀ nínú wẹ́ẹ̀họ́ọ̀sì kì í ṣe èèyàn, kọ̀ǹpútà ni. Ó dà bí ẹni tó ń pín ọkọ̀ ní gáráàjì: ta ni ó kàn? Ta ló sún mọ́ ẹrù jù? Bátìrì ta ni kò ní gbé e dé ibẹ̀?

Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ fojú inú wo dáńfó méjì tó pàdé nínú kọ̀rọ̀ tóóró kan ní Mushin, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fẹ́ padà sẹ́yìn. Àwọn dírẹ́bà á bú ara wọn, ẹnìkan á padà gbà. Rọ́bọ́ọ̀tì kò mọ èébú. Wọ́n á kàn dúró síbẹ̀ ni. Nítorí náà kọ̀ǹpútà gé ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kò sì sí ọkọ̀ tó gbọ́dọ̀ wọ ibi tí wọn kò tíì yọ̀ǹda fún un. Ìlànà VDA 5050, tí àwọn ará Jámánì gbé kalẹ̀ kí ọkọ̀ oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ lè gbọ́ èdè kan náà, pín ìrìnàjò sí méjì: apá tí a ti yọ̀ǹda, àti apá tí a ṣì ń gbèrò. Bí Wi-Fi bá já, ọkọ̀ á rin apá àkọ́kọ́ tán, á sì dúró. Ti èèyàn tó bá kọjá níwájú rẹ̀ yàtọ̀: ọkọ̀ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀, láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní 2025 yẹn náà ni Amazon gbé DeepFleet jáde, tí wọ́n ní yóò dín àkókò ìrìn àwọn rọ́bọ́ọ̀tì kù ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí pẹpẹ bá ń yára dé, ọwọ́ ẹni tó ń mú ọjà náà ní láti yára. Ní 2020, àwọn oníròyìn Reveal kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ ń fara pa ju ti ibòmíràn lọ láwọn wẹ́ẹ̀họ́ọ̀sì Amazon tó ní rọ́bọ́ọ̀tì. Amazon ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ìbéèrè kan wà níbẹ̀: kọ̀ǹpútà mọ ìgbà tí bátìrì rọ́bọ́ọ̀tì ń lọ sílẹ̀, ó sì ń rán an lọ gba iná. Ta ló ń ka ti ẹ̀gbọ́n wa tó ti dúró láti aago mẹ́fà àárọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń wá irú iṣẹ́ yìí, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó fọwọ́ síwèé: ọjà mélòó ni wákàtí kan? Ìsinmi ńkọ́? Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú bí èèyàn ṣe lè kúrò nídìí pẹpẹ lọ sídìí àtúnṣe rọ́bọ́ọ̀tì, torí àwọn náà ń bàjẹ́.

Iṣẹ́ àmúrelé: ẹ ka gbólóhùn mẹ́ta yìí fún bàbá tàbí màmá yín, kí ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílùú tiwọn.

Ọkọ̀ náà dúró torí páálí wà lọ́nà.
Ta ni ó kàn báyìí?
Bátìrì rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀.