Ṣé kí n fi kún ínsúlínì ológbò mi?

Ìbéèrè: Ológbò mi ní àtọ̀gbẹ, mo sì ń gún un ní ínsúlínì láàárọ̀ àti lálẹ́. Lánàá, ṣúgà rẹ̀ ga gan-an. Ṣé kí n fi kún oògùn náà?
Òǹkàwé kan, Ṣágámù

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fi kún un. Ẹ̀rù lásán lè mú ṣúgà ológbò ga. Ẹ wò ó bóyá iná tó ń ṣe ségesège ti jẹ́ kí ooru ba oògùn náà jẹ́ nínú fíríìjì.

Tí dókítà ẹranko bá yí iye oògùn padà, ẹ dúró fún ọjọ́ 5 sí 7. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ṣúgà rẹ̀ ní wákàtí méjì-méjì fún wákàtí 12. Iye tó kéré jù ni kí ẹ wò. Tó bá wà láàrin 80 sí 150 mg/dL, ẹ má yí iye oògùn padà. Tó bá ju 150 lọ, dókítà ẹranko lè fi ìdajì yúnìtì kún un. Tí kò bá tó 80, ṣe ni dókítà yóò dín in kù.

Tí ṣúgà rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, tó ń gbọ̀n tàbí tó ń rìn bí ọ̀mùtí, ẹ fi oyin ra èrìgì rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kíákíá. Ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì FUNAAB wà ní Abẹ́òkúta. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.