Fífi Fóònù Wá Yàrà Àtijọ́: Láti Abuja dé Òkè-Ẹ̀rí

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí jẹ mọ́ ohun tí à ń fi ẹsẹ̀ kọ́.

Eré kan wà tí wọ́n ń pè ní geocaching. Ẹnì kan á fi àpótí kékeré pamọ́ síbì kan, á sì fún àwọn ẹlòmíràn ní nọ́ńbà GPS ibẹ̀ kí wọ́n fi wá a. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kárùn-ún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà mú ìdíwọ́ kúrò lórí GPS. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí Dave Ulmer fi garawa kan pamọ́ sínú igbó ní Oregon, eré bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, eré yìí a máa mú èèyàn dé ibi òkìtì odi àtijọ́ àti itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa náà ńkọ́?

Nítòsí wa níbí, Suleja ni Abuja àtijọ́. Àwọn Hausa tí ogun jíhàádì lé kúrò ní Zaria ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1828 lábẹ́ Abu Ja, wọ́n sì mọ odi yí i ká. Olú-ìlú tuntun gba orúkọ náà ní 1976.

Èyí tó ju ìyẹn lọ wà nílé, ní Ìjẹ̀bú: Erédò Súngbọ́. Yàrà ni, pẹ̀lú òkìtì iyẹ̀pẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ju 160 kìlómítà lọ. Níbòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tó mítà 20. Ìtàn ẹnu ní Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin olówó tí kò bímọ, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ rẹ̀ má baà parun. Ojú oórì rẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rí, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn kan ní òun ni Ọbabìnrin Ṣébà. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò: ayé Sólómọ́nì ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ìwádìí àìpẹ́ yìí fi Erédò sí nǹkan bí 1370 sí 1420. Wọn kò lè jẹ́ ẹnì kan náà. Èyí kò sọ pé Súngbọ́ kò sí. Orúkọ méjì ló lẹ̀ mọ́ra.

Oko, ọ̀nà àti ilé ń jẹ Erédò lọ díẹ̀díẹ̀. Láti 1995 ló ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà dá lábàá fún UNESCO, ṣùgbọ́n orúkọ inú ìwé kì í dá katakata dúró. Ẹni tó mọ ibi tí yàrà gbà ló lè ní kí wọ́n má dí i. Bí a ó ṣe ṣe é nìyí:

1. Ẹ kọ́kọ́ rí àwọn àgbà àdúgbò. Wọ́n ní èèwọ̀ ni kí obìnrin wọ ojú oórì Súngbọ́. Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ béèrè kí ẹ tó wọkọ̀.

2. Ẹ dúró lórí òkìtì, kí ẹ kọ nọ́ńbà GPS, ọjọ́, bí yàrà ṣe jìn tó lójú yín, àti ohun tó ń bà á jẹ́.

3. Ẹ má wú ilẹ̀. Òfin geocaching fúnra rẹ̀ ni pé a kì í ri àpótí mọ́lẹ̀ láìgbàṣẹ onílẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ tí a bá ti tú ká kò lè sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún onímọ̀ mọ́. Ẹ má sì fi àpótí sójú oórì ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ ìsinmi: Ifẹ̀, Ọ̀yọ́-Ilé àti Ìbàdàn ní odi. Ìlú tìrẹ ńkọ́? Bi àwọn àgbà ibẹ̀ léèrè ibi tí yàrà ìlú gbà, kí o sì mú nọ́ńbà GPS rẹ̀ wá sí ìpàdé wa. Bí ọmọdé bá sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́.