Nípa Pákó Ìta Tí Ọ̀rinrin Wà Nínú Rẹ̀, àti Epo Tí A Fi Ń Kùn Ún

Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó máa ń wu onílé ní Baruwa àti ní gbogbo ìhà Ìpájà láti fi epo kun pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, àti èyí tí ó tẹ́ sórí gọ́tà níwájú ilé, kí òjò oṣù kẹsàn-án tó dé. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n bí omi bá ṣì wà nínú igi náà, owó ni ó ná láti há omi mọ́ inú rẹ̀. Pákó tí ó ń dán lókè tí ó sì jẹrà nísàlẹ̀ léwu ju èyí tí ó fi ìjẹrà rẹ̀ hàn lọ, nítorí ìyá àgbà àti ọmọ ilé-ìwé yóò fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ láìfura.

Inú igi kún fún ọ̀nà tóóró tí omi ń gbà láti gbòǹgbò lọ sí ewé nígbà tí ó wà láàyè, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì dí nígbà tí a bá là á ní pákó. Ibẹ̀ náà ni epo ń gbà wọlé. Bí omi bá ti gba ibẹ̀, epo yóò dúró lókè gẹ́gẹ́ bí epo pupa ti í léfòó lórí omi. Nígbà tí oòrùn bá sì mú, omi inú igi yóò di ooru, yóò máa wá ọ̀nà àbájáde, yóò sì ti epo náà sókè títí yóò fi lé ròrò, tí yóò sì bó. Omi tí kò rí ọ̀nà jáde yóò mú kí igi bu gẹ́gẹ́ bí àgbàdo tútù ti í bu nínú àpò.

Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ aláró lè béèrè ìdí tí ọ̀pọ̀ aláró fi ń kọ́kọ́ rẹ aṣọ sínú omi kí wọ́n tó tì í bọ inú aró. Omi ni aró, omi kì í sì kọ omi. Epo ni èyí. Lóòótọ́, irú èyí tí a ń fi omi pò wà pẹ̀lú, ó sì ń fara da ọ̀rinrin díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti igi tí òjò pa ní àná.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé igi gbẹ? Ọwọ́ kò tó láti fi mọ̀ ọ́n, nítorí ojú pákó a máa gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Àwọn tí ó mọ ìmọ̀ igi fi ìdá 20 nínú 100 ṣe ààlà: bí ègé igi kan bá wọn 600 gíráàmù, tí a yan omi inú rẹ̀ gbẹ pátápátá tí ó sì ku 500, ó wà lórí ààlà náà gan-an. Kí ó dín sí i ni ó dára, nítorí ohun tí ń jẹ igi rà kì í rí àyè nínú igi gbígbẹ. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n lè fi ọ̀rá bo ojú pákó ní alẹ́, kí ó lẹ etí rẹ̀ pa yíká. Bí ìrì bá wà lábẹ́ ọ̀rá náà ní òwúrọ̀, kí ó dúró. Ó tún lè kán omi sórí pákó. Bí omi náà bá wọlé kíákíá, epo yóò wọlé. Bí ó bá dúró gẹ́gẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀, igi náà tutù, tàbí kí epo àtijọ́ wà lára rẹ̀, èyí tí a ó kọ́kọ́ ha kúrò.

Pákó tuntun ń fẹ́ sùúrù jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí ọ̀sà ni a ń gbà fa gẹdú wá sí Oko-Baba ní Èbúté-Mẹ́ta láti là á. Irú pákó bẹ́ẹ̀ ní láti wà lábẹ́ òrùlé fún oṣù mélòó kan, kí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Àárín igi ìrókò, apá àti ọ̀pẹ̀pẹ̀ ń dènà ìjẹrà fúnra rẹ̀. Arère àti afárà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwọn ni àìsùúrù ń bà jẹ́ jù.

Àkókò tí ó dára jù ni oṣù kejìlá títí dé oṣù kejì. Kí a gbá eruku ọyẹ́ kúrò, kí a sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ, kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìsàlẹ̀ pákó àti orí rẹ̀ méjèèjì, níbi tí ayùn gé e, ni kí a kọ́kọ́ kùn, nítorí ibẹ̀ ni omi ń yára wọ̀ jù. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ káfíńtà ń fò.

Àkísà tí epo irúgbìn ọ̀gbọ̀ bá rin lè gbóná kí ó sì gbiná fúnra rẹ̀ bí a bá ká a jọ. Kí a tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta títí yóò fi gbẹ. Ní ti epo tí ó bá ṣẹ́kù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dà á sílẹ̀. Àwọn ará Baruwa kò nílò ẹni tí yóò sọ ìdí rẹ̀ fún wọn: láti àwọn ọdún 1990 ni epo tí ó jò láti inú ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀ ti ba omi ọ̀pọ̀ kànga wọn jẹ́. Inú agolo rẹ̀ ni kí ó wà, kì í ṣe inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ọmọdé lè gbé mu.