Lẹ́tà sí Àkànní Nípa Ọwọ́ Rẹ̀ Tí Ó Rọ

Ògijo, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ.

Àkànní, ọmọ mi, ọmọ ilẹ̀ Akárìgbò,

Ìyá rẹ ròyìn fún mi pé bí o bá na apá ọ̀tún rẹ, ńṣe ni ọrùn ọwọ́ ń rọ wálẹ̀, ìwọ sì ń sọ pé àárẹ̀ lásán ni. Kì í ṣe àárẹ̀. Iná tí ẹ fi ń yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù ni mo fura sí, nítorí òjé tí ó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àgbà a máa ba iṣan tí ń gbé àṣẹ ọpọlọ dé apá jẹ́, ọrùn ọwọ́ ni a sì sábà máa ń kọ́kọ́ rí i. Ìwọ náà gbọ́ bí a ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ògijo wò ní ọdún 2025, tí a bá òjé lára ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ohun tí kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ ni ìwà tí ẹran apá ń hù nígbà tí àṣẹ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Èròjà tí a ń pè ní acetylcholine, èyí tí ẹnu iṣan ń tú sí i lára, ni ó fi ń súnkì. Bí kò bá sì rí i mọ́, àwọn ojú tí ó fi ń gbà á, tí wọ́n ti kó ara wọn jọ sí ibì kan ṣoṣo, a tàn ká gbogbo ara rẹ̀, bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò wọlé ti ń dẹtí sí gbogbo ẹnu ọ̀nà ilé. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Axelsson àti Thesleff fi èyí hàn ní ọdún 1959. Lẹ́yìn èyí ni ẹran yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀: àwọn èròjà tí a ń pè ní MuRF1 àti atrogin-1 a pọ̀ sí i, wọn a lẹ ubiquitin mọ́ púrótéènì gẹ́gẹ́ bí àmì ikú, a ó sì máa fọ́ ọ kíákíá ju bí a ti ń mọ òmíràn lọ, mitochondria tí ń pèsè agbára a dínkù, bí ó bá sì pẹ́, ọ̀rá àti okùn líle a gba ipò ẹran. Iṣan lè hù padà, bíi mílímítà kan lóòjọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá kọjá ọdún kan àbọ̀ kí ó tó dé, agbára káká ni ẹran fi ń gbà á mọ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Nítorí náà, fi ìdí iná náà sílẹ̀. Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, n kò jiyàn, àmọ́ kì í ṣe èyí tí ń gba ọwọ́ tí a fi ń ṣe é. Lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Ṣàgámù, sọ iṣẹ́ tí o ń ṣe fún dókítà, kí o sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wo òjé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Kí wọ́n di igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọrùn ọwọ́ náà kí ó má baà gan, kí a sì máa nà án lójoojúmọ́. Àdí àti ìpara tí wọ́n fi ń wọ́ ọ kò ní dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Owó oúnjẹ títí ìwọ yóò fi rí iṣẹ́ mìíràn wà lọ́wọ́ mi.

Má tún wọ aṣọ iṣẹ́ wọlé, kí o sì mú àwọn ọmọ rẹ dání lọ sí ilé ìwòsàn náà, nítorí òjé tètè ń ṣe ọmọdé léṣe ju àgbà lọ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.