Ta Ló Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò? Ẹ̀kọ́ Kékeré Nípa Pátẹ́ǹtì àti Títo Fáíbà

Ẹ̀kọ́ tí mo mú wá sórí ògiri lọ́tẹ̀ yìí ní Físíìsì díẹ̀ nínú, ó ní òfin díẹ̀ nínú, ó sì kan gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ fún ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì nílé ìwé wa. Ìbéèrè mi ni pé: bí èèyàn bá sọ pé òun ti ṣàwárí ọ̀nà tuntun láti ṣe nǹkan, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò pé tuntun ni lóòótọ́? Báwo ló sì ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò?

KÍ NI PÁTẸ́ǸTÌ?

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé pátẹ́ǹtì dà bí ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹni tó gba ipò kìíní. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pàṣípààrọ̀ ni. Olùṣàwárí á kọ ọgbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ kedere, débi pé ẹlòmíì tó mọ irú iṣẹ́ náà á lè kà á, á sì lè ṣe é. Ìjọba náà á wá sọ fún un pé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe é, kò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ lò ó fún òwò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ. Ní Nàìjíríà, bíi ti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ọdún 20 ni, láti ọjọ́ tó fi ìwé sílẹ̀. Tí ó bá ti pé, ọgbọ́n náà di ti gbogbo ayé.

Ẹ ro ti baba oníṣègùn tó mọ àgbo kan tó dára, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí tó fi kú. Àgbo náà bá a wọ sàréè nìyẹn. Òfin pátẹ́ǹtì ń wá bí ẹni tó mọ nǹkan ṣe máa sọ ọ́ láìbẹ̀rù pé wọ́n á gbà á lọ́wọ́ òun. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n olọ́gbọ́n náà gbọ́dọ̀ jẹun.

ÀPẸẸRẸ WA: TÍTO FÁÍBÀ

Fáíbà ni okùn dígí tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìmọ́lẹ̀. Ó ní ọkàn láàárín, dígí mìíràn sì yí ọkàn náà ká. Refractive index ti ọkàn ga díẹ̀ ju ti dígí tó yí i ká lọ, nítorí náà bí ìmọ́lẹ̀ bá fẹ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, á ta padà sínú. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní total internal reflection gan-an nìyẹn. Ní 1966, Charles Kao àti George Hockham, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nílùú Harlow ní Ìlú Ọba, ṣàlàyé pé bí wọ́n bá lè mú ìdọ̀tí kúrò nínú dígí, ìmọ́lẹ̀ á lè rìn jìnnà nínú rẹ̀. Ní 1970, Robert Maurer, Donald Keck àti Peter Schultz ṣe irú fáíbà bẹ́ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà. Lónìí, irú okùn yẹn lábẹ́ òkun ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ Èkó.

Tí fáíbà bá pọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tò wọ́n sí ìlà kan kí wọ́n tó lè bá ẹ̀rọ mu. Iṣẹ́ ńlá ni. Fáíbà kan tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ fẹ̀ tó màíkírómítà 125. Ẹ rántí pé màíkírómítà 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan. Ọkàn tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá kò ju bíi 9 lọ. Bí a bá to fáíbà 8 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí àárín ọ̀kan sí àárín èkejì jẹ́ 127, gbogbo wọn pátá á wọ inú nǹkan bíi mìlímítà kan péré lórí rúlà yín. Tí ọ̀kan bá fi màíkírómítà méjì yà kúrò ní ipò rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfò.

Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà tò ó nìyí. Wọ́n á fi potassium hydroxide jẹ ara sílíkọ́nì. Kẹ́míkà yìí kì í jẹ gbogbo ìhà kírísítà bákan náà, nítorí náà kòtò tó máa gbẹ́ á rí bíi lẹ́tà V, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á dà ní digírì 54.7. Wọ́n á tẹ́ fáíbà kọ̀ọ̀kan sínú kòtò tirẹ̀, wọ́n á fi dígí pẹlẹbẹ dé e, wọ́n á fi gúlù lẹ̀ ẹ́, wọ́n á wá dán orí rẹ̀ títí á fi máa kọ mọ̀nà.

PÈRÈGÚN INÚ ÌWÉ

Ká ní ẹnì kan gbé ìwé wá pé òun ti rí ọ̀nà tuntun láti to fáíbà. Èmi ni mo ro àpẹẹrẹ yìí fún ẹ̀kọ́ wa o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Olùyẹ̀wò kò ní béèrè bóyá iṣẹ́ náà wù ú. Á wá ibi tí àwọn gbólóhùn tí wọ́n ń pè ní kíléèmù wà. Bí pèrègún ṣe ń sọ ibi tí oko ẹnì kan parí sí, bẹ́ẹ̀ ni kíléèmù ṣe ń sọ ibi tí ẹ̀tọ́ olùṣàwárí dé. Kíléèmù tiẹ̀ kà báyìí pé:

Ọ̀nà láti to fáíbà, nínú èyí tí a ó ti
a. gbẹ́ kòtò V sára sílíkọ́nì;
b. tẹ́ fáíbà sínú kòtò náà;
d. fi dígí pẹlẹbẹ dé e;
e. fi gúlù lẹ̀ ẹ́.

Ẹ kíyè sí i: bí ọ̀rọ̀ inú kíléèmù bá kéré, oko á fẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń pọ̀ sí i, oko á máa dínkù. Olùṣàwárí fẹ́ oko tó fẹ̀. Iṣẹ́ olùyẹ̀wò ni láti rí i pé kò gbin pèrègún sórí ilẹ̀ tí àwọn ẹlòmíì ti ro tẹ́lẹ̀.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA TÍ OLÙYẸ̀WÒ Ń BÉÈRÈ

Àkọ́kọ́: ṣé tuntun ni? Á wá inú àwọn pátẹ́ǹtì àtijọ́, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì àti ìwé tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn ará Bell Labs ní Amẹ́ríkà ti ń fi kòtò V inú sílíkọ́nì to fáíbà, nítorí náà a àti b kò lè jẹ́ ohun tuntun. Ṣùgbọ́n kí kíléèmù tó ṣubú lórí ìbéèrè yìí, ìwé kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ ní gbogbo rẹ̀ nínú, láti a títí dé e. Ká ní ìwé tí olùyẹ̀wò rí kò sọ̀rọ̀ dígí tó wà ní d, kíléèmù ṣì jẹ́ tuntun.

Èkejì: ṣé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀? Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Olùyẹ̀wò á mú ìwé kejì wá, èyí tó sọ pé wọ́n ń fi dígí pẹlẹbẹ tẹ ohun tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀ kó má bàa ṣí nípò. Á wá béèrè pé, ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, tó ka ìwé méjèèjì, ṣé kò ní fúnra rẹ̀ pa wọ́n pọ̀? Ẹni tó se ìrẹsì àti ẹ̀wà pọ̀ kò lè sọ pé òun dá oúnjẹ tuntun sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní 2007, nínú ẹjọ́ KSR àti Teleflex. Pẹ́dà mọ́tò tó ṣe é sún síwájú sẹ́yìn ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná mànàmáná sọ ibi tí wọ́n tẹ pẹ́dà dé náà ti wà. Ilé ẹjọ́ ní fífi ọ̀kan sára èkejì kò tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ gba pátẹ́ǹtì.

Ẹ̀kẹta: ṣé ó ti sọ ọ́ tán? Tó bá ní gúlù pàtàkì kan wà, kò lè fi orúkọ gúlù náà pamọ́. Tó bá jẹ́ pé ooru kan pàtó ló ń mú kó ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ẹni tó fẹ́ gba ọdún 20 kò gbọdọ̀ fi ìdajì ọgbọ́n rẹ̀ sí àpò.

OLÙṢÀWÁRÍ LÈ FÈSÌ

Tí olùyẹ̀wò bá ní rárá, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Olùṣàwárí lè jiyàn, ó sì lè fa pèrègún rẹ̀ wọlé. Gúlù máa ń sún kì bó bá ń gbẹ, ó sì lè fa fáíbà kúrò nípò. Ká ní ọkùnrin wa yìí rí i pé tí òun bá kọ́kọ́ lẹ ẹ̀yìn fáíbà, tí òun jẹ́ kó gbẹ kí òun tó lẹ iwájú, fáíbà kì í yà mọ́. Á fi ìyẹn kún kíléèmù. Oko rẹ̀ ti kéré sí i, ṣùgbọ́n bó bá lè fi hàn pé àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kò ní ronú kàn án, ó lè yege. Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀: ohun tí kò sí nínú ìwé tó kọ́kọ́ fi sílẹ̀, kò lè ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kì í bọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn kọ ohun gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àní lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fúnni ní pátẹ́ǹtì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣì lè di ẹjọ́. Kíléèmù Corning sọ pé ohun tí wọ́n fi kún dígí ti ọkàn gbọ́dọ̀ ju ti èyí tó yí i ká lọ, kí refractive index ọkàn lè ga. Ilé iṣẹ́ Sumitomo ti Japan yí i po: wọn kò fi nǹkan kan sínú ọkàn, wọ́n fi fluorine sínú dígí tó yí i ká kí tiẹ̀ lè lọ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò tẹ oko ẹnikẹ́ni. Ní 1989, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Amẹ́ríkà dá Corning láre: ó ní bí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀, iṣẹ́ kan náà ni, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kò sì yàtọ̀ tó nǹkan.

TI NÀÌJÍRÍÀ ŃKỌ́?

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí. Òfin pátẹ́ǹtì tiwa, ti ọdún 1970, béèrè ohun kan náà: kó jẹ́ tuntun, kí ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, kó sì ṣe é lò níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tó ń gba ìwé kì í wá inú ìwé àtijọ́ bí mo ṣe ṣàlàyé lókè. Bóyá ìwé pé, bóyá owó pé, bóyá àlàyé àti kíléèmù wà níbẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń wò. Òfin náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ewu ẹni tó gba pátẹ́ǹtì ni, ìjọba kò ṣe onígbọ̀wọ́ pé ó múná dóko. Ìbéèrè mẹ́ta yẹn á wá di ti ilé ẹjọ́, ìyẹn bí ẹnì kan bá pe ẹlòmíì lẹ́jọ́.

Ohun kejì ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ ni òfin kọ́kọ́ mọ̀, ì báà jẹ́ òun ló ṣàwárí ẹ̀ ní ti gidi tàbí òun kọ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Lóòótọ́, òfin sọ pé tó bá jẹ́ pé ó mú un lọ́wọ́ ẹlòmíì láìgbàṣẹ, ti ẹni yẹn ni ẹ̀tọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni yẹn gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí.

Ohun kẹta kan ògiri yìí gan-an. Ohun tó bá ti hàn sí gbogbo èèyàn, níbikíbi láyé, yálà ní kíkọ tàbí ní sísọ, kò lè jẹ́ tuntun mọ́. Òfin wa fàyè oṣù 6 sílẹ̀ fún ẹni tó bá pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ níbi ìpàtẹ àgbáyé tí ìjọba mọ̀ sí. Ìpàtẹ ilé ìwé wa kò sí lára ìyẹn o! Tó o bá ya bí ẹ̀rọ rẹ ṣe ń ṣiṣẹ́, tó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, tí àwọn òbí àti àlejò kà á, o lè ti fọwọ́ ara rẹ pa pátẹ́ǹtì rẹ.

Ṣé ká má wá kọ nǹkan mọ́ ni? Rárá o, ọmọ ẹgbẹ́ oníròyìn ni mí! Ohun tí mo dábàá ni pé kí ẹni tó ṣe nǹkan kọ́kọ́ wá a lórí Google Patents tàbí Espacenet, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Tó bá rò pé òun máa gba pátẹ́ǹtì, kó sọ fún wa ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, kó má sọ bó ṣe ń ṣe é, títí á fi fi ìwé sílẹ̀. Tí kò bá fẹ́ gbà á, kó kọ gbogbo rẹ̀ pátá, ká sì kọ déètì sí i gàdàgbà. Nítorí ohun tó ti jáde tó ní déètì lè ṣẹ́gun pátẹ́ǹtì tí ẹlòmíì bá lọ gbà lórí rẹ̀ lọ́la. Nítorí náà, mo bẹ àwọn tíṣà wa: bí a bá ń já ìwé ògiri tó ti pẹ́, kí a má máa fi dáná. Kí á kó o pa mọ́ sínú fáìlì ní láíbùrárì. Ẹ̀rí ni.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌDÁNRAWÒ

1. Kí ló dé tí kíléèmù kúkúrú fi ń fúnni ní ẹ̀tọ́ tó gbòòrò ju kíléèmù gígùn lọ?
2. Ìwé kan ní a àti b, òmíràn ní d àti e. Ìbéèrè wo ni olùyẹ̀wò á fi kọ kíléèmù yẹn, àkọ́kọ́ ni àbí èkejì?
3. Ẹnì kan fi ẹ̀rọ tuntun rẹ̀ han gbogbo wa ní gbàgede àpéjọ ilé ìwé lánàá. Ṣé ó ṣì lè gba pátẹ́ǹtì tó múná dóko ní Nàìjíríà? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ fi ìdáhùn yín sínú àpótí ẹgbẹ́ oníròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ láíbùrárì. Ẹ má gbàgbé láti kọ déètì sí i.